Ìwé Tí Ń Ṣíwájú Ẹni Dé Ibi Iṣẹ́

Ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Fìdítì tàbí Ìlọrà, tí ó ń wá iṣẹ́, ní láti kọ ìtàn ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé tí à ń pè ní CV. Kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti ìwé ẹ̀rí WAEC mu, nítorí agbanisíṣẹ́ lè yẹ èsì náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ a máa fi àyè iṣẹ́ sílẹ̀ lófìfo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti bá ìyá wọn ta ọsàn lẹ́bàá títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń ṣírò èrè. Ǹjẹ́ èyí kì í ṣe iṣẹ́? Kí wọ́n kọ ọ́, pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pe ara rẹ̀ ní máníjà, nítorí a óò bi í pé òṣìṣẹ́ mélòó ni ó wà lábẹ́ rẹ̀.