Ẹ Wo Ẹnu Àáké

Àwọn baba wa ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀rọ̀ náà kò ní kọ́lọ́fín, n kò sì ní fi ìtumọ̀ rẹ̀ gba àkókò ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó mú mi gbé kálámù ni ọ̀ràn ọ̀rẹ́ mi kan tí ń gbé ní Ìjù, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ìdírókò, ní ilẹ̀ Ọ̀tà, ẹni tí ó gbé òwe yìí sẹ́nu wọ inú gbèsè tìfun-tẹ̀dọ̀, tí tẹbí-tará sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Nídìí ẹ̀rọ ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní Sango, ìyàwó rẹ̀ sì ń dín àkàrà lẹ́bàá títì. Ọmọbìnrin wọn, ẹni tí mo fẹ́ràn bí ẹni pé èmi ni mo bí i, nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, ìwé tí ó kà kò sì sọ fún un pé kí ó má kúnlẹ̀ kí àgbà mọ́, ni ó ní Information Systems ni òun yóò kọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ti í fi kọ̀ǹpútà tọ́jú ìṣirò àti àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, kí ọ̀gá lè mọ ohun tí ó wọlé, ohun tí ó jáde àti ohun tí ó kù. Irú èrò bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Ìjù: Covenant University ti wà lójú ọ̀nà yẹn láti 2002, Bells wà ní Ọ̀tà láti 2005, ẹni tí ó bá sì ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n so táì, ọkàn rẹ̀ kò ní ṣàì fà sí i. Yunifásítì aládàáni mìíràn, tí ó jìnnà sí wa, ni wọ́n mú ọmọ lọ. Owó ibẹ̀ ju mílíọ̀nù kan náírà lọ lọ́dún. Bàbá kọ́kọ́ yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn kò tó, ó lọ bá àwọn olówó èlé tí ń gba náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, nígbàkigbà tí mo bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, òwe oyin ni yóò fi pa mí lẹ́nu mọ́.

Ọmọ jáde, ó sin ìlú tán, wọ́n ṣe àpèjẹ, wọ́n da aṣọ ẹbí bolẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ dé ní Àgbàrá, níbi tí yóò ti máa ka ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí sínú kọ̀ǹpútà, ₦150,000 lóṣù. Kò sí ẹni tí kò kí wọn kú oríire, nítorí pé owó náà ju ìlọ́po méjì ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje 2024 gẹ́gẹ́ bí owó-oṣù tí ó kéré jù lọ. Ṣùgbọ́n ₦4,000,000 ni ojú owó tí bàbá jẹ olówó èlé, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ₦200,000 lóṣù. Bí ọmọ yìí kò bá jẹ, tí kò mu, tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìjù dé Àgbàrá, tí ó sì gbé gbogbo owó-oṣù rẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ láìyọ kọ́bọ̀, ₦50,000 ṣì kù kí èlé oṣù náà tó pé, kò sì sí ẹni tí ó tíì fọwọ́ kan ojú owó. Ìṣirò yìí kò fẹ́ kọ̀ǹpútà rárá. Ohun tí ó sì ń bí mi nínú jù ni pé ẹ̀kọ́ tí gbogbo kókó rẹ̀ jẹ́ mímọ ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde ni wọ́n rà, tí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé náà kò sì jókòó wo ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá yáwó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà; iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé, ó sì lè sin olówó fún ọdún mẹ́wàá kí ojú owó má dín. Àwa tí a ń fi ayé ìwọ̀fà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rẹ́ mi yìí dáadáa kí a tó rẹ́rìn-ín.

Èmi kò sọ pé gbogbo ẹ̀yáwó ìwé ni ó burú. Òfin tí Ààrẹ Tinúbú kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023, tí wọ́n sì tún un ṣe ní oṣù kẹrin 2024, ni ó dá NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, sílẹ̀: wọn a san owó ilé-ìwé fún ilé-ìwé gan-an, wọn a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù láti fi jẹun, èlé kò sí níbẹ̀, ó sì di ìgbà tí ó bá pé ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú, tí ọmọ bá sì ti ríṣẹ́, kí wọ́n tó máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú owó-oṣù rẹ̀. Ká ní ₦100,000 ni owó ilé-ìwé lọ́dún, tí ọmọ sì gba owó oúnjẹ fún oṣù mẹ́wàá lọ́dún fún ọdún mẹ́rin, ₦1,200,000 ni gbogbo rẹ̀. Lórí owó-oṣù ₦150,000, yóò máa san ₦15,000, yóò sì bọ́ nínú rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́jọ. Ìyẹn jẹ́ gbèsè tí ènìyàn lè jẹ kí ó sì tún ra bàtà. Àmọ́ ilé-ìwé ìjọba nìkan ni owó náà wà fún, irú bíi Pólì Ìlaro tàbí yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta, tí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sì wà nínú méjèèjì. Ọmọ ilé-ìwé aládàáni kò lè fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀ mo mọ ìyá kan tí ó ní kí ọmọ rẹ̀ má ṣe forúkọ sílẹ̀ nítorí pé gbèsè ìjọba ń ba òun lẹ́rù. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni òwe àwọn baba wa ń bá wí, ó sì tọ́ sí i.

Fún àwa yòókù, òwe náà kò pé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á gbà pé oyin wà nínú àpáta, ó sì gbà pé àáké jẹ́ ti ẹni tí ó gbé e. Ṣé ẹ ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jáde ní ọdún méjì sẹ́yìn iye tí ń wọlé fún wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ń jókòó sí Lẹ́kí ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Amẹ́ríkà? Àwọn mìíràn tilẹ̀ rò pé àpáta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni oyin pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n náírà já wálẹ̀: ṣáájú oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦460 lọ ní báńkì. Kí ọdún kan tó pé, ó ti ju ₦1,400 lọ, ní 2024 sì ni àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ní Teesside pàdánù àyè wọn ní yunifásítì nítorí owó tí wọn kò rí san. Ọdún náà ni ìjọba ibẹ̀ gbé òṣùwọ̀n owó-oṣù gbogbogbòò fún físà òṣìṣẹ́ láti £26,200 sí £38,700. Àáké àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àyálò ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Àtàn, tí ó ń tọ́jú de ilé tí yóò kọ́. Mo ní kí ó tà á, kí ó sì fi ọwọ́ kan ojú owó, nítorí pé n kò mọ ilẹ̀ kankan ní gbogbo Àtàn tí iye rẹ̀ ń fi náírà márùn-ún lé lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ó ní kí n fún òun di ìparí oṣù, kí òun bá ìyàwó òun sọ ọ́. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ₦200,000 ni ìparí oṣù náà ń jẹ́.