Ká Tó Ra Tàràńtúlà, Ká Mọ Bó Ṣe Ń Jà

Aláǹtakùn, bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára. Aláǹtakùn ilé ni àwọn àgbà ń wò nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, èyí tó máa ń ta sí kọ̀rọ̀ àjà, tó ń dúró de eṣinṣin. Èyí tí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń bẹ òbí wọn pé kí wọ́n rà fún àwọn báyìí kì í ta ká ẹnikẹ́ni lára. Tàràńtúlà ni wọ́n ń pè é. Onírun ni, òmíràn tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n sì ti ń sìn ín. Oríṣi rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan láyé, ọ̀nà tí ọ̀kan ń gbà jà kì í sì í ṣe tèkejì. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí ẹni tí kò sin ín rí kọ́kọ́ béèrè nìyẹn: báwo ni èyí tí mo fẹ́ rà yìí ṣe ń jà? Ẹ̀yìn ìyẹn ni ká tó máa sọ̀rọ̀ àwọ̀ àti owó.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ti ké "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" kí wọ́n tó kà á débí. Ẹ ò jẹ̀bi. Ẹni tí kò fẹ́ kò gbọdọ̀ rà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn mọ bí wọ́n ṣe ń fi "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́" dá ilé rú fún oṣù mélòó kan, àwọn àgbà náà sì wà tó jẹ́ pé àwọn gan-an lọ́kàn wọn fà sí i. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ jẹ́ ká yáa sọ ọ́.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń sin ín pín wọn sí. Àwọn tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, láti Mẹ́síkò títí dé Ajẹntínà, púpọ̀ jù nínú wọn ní irun kan lẹ́yìn ikùn tó ń ṣiṣẹ́ wèrèpè. Bí inú bá bí i, á gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á fi ra ìdí rẹ̀ kíákíá. Ohun tí ẹ ó rí kò ju eruku fẹ́ẹ́rẹ́ tó bú sókè nínú ìmọ́lẹ̀ lọ, ẹ ò sì ní mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín. Bó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan, ẹ ó họ ọ́, ẹ ó gbàgbé. Bó bá bọ́ sójú, ó di ilé ìwòsàn. Ní oṣù Èrèlé 2009, ọkùnrin ẹni ọdún 29 kan lọ sí ilé ìwòsàn St James's ní ìlú Leeds. Ojú rẹ̀ ọ̀tún pọ́n, ó ń ṣomi, kò lè wo ìmọ́lẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún un kò sì ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n tó rí irun tín-ín-tìn-ìn-tín tó gún wọ ẹyinjú rẹ̀. Ìgbà náà ló rántí pé òun ń fọ àbàwọ́n kan lára gíláàsì tàràńtúlà òun, òun kọ ẹ̀yìn sí i, bí òun ṣe ní kí òun wẹ̀yìn báyìí ló da irun bo òun lójú. Irun náà kéré débi pé ẹ̀mú àwọn dókítà kò lè fà á yọ, oògùn ni wọ́n fi ń rọ ojú náà. Ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Kí ẹ sì máa wò ó, tàràńtúlà Chile ni, èyí tí gbogbo ọlọ́jà máa ń sọ pé jẹ́jẹ́ ló ń lọ.

Àwọn ti Áfíríkà àti Éṣíà kò ní irun yìí. Ẹ má tíì yọ̀. Eyín àti ẹsẹ̀ ni wọ́n gbójú lé. Wọ́n ń sáré kọjá ohun tí ojú lè bá, wọn kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó buni jẹ, oró wọn sì le ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Ẹ̀yà Poecilotheria tó wà ní Íńdíà àti Sri Lanka, bó bá buni jẹ, iṣan á máa sún kì, kì í sì í ṣe ìrora ọjọ́ kan. Nínú wọn ni Poecilotheria metallica wà, tó jẹ́ ti Andhra Pradesh ní Íńdíà, tí ara rẹ̀ búlúù tí fàdákà ń tàn lára rẹ̀. Ẹ̀dá tí mo rí tó rẹwà tó o kò pọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi òun bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn ará wa tó máa ń ní bó bá ti jẹ́ ti ilé, àwọn ò ní bẹ̀rù. Heteroscodra maculata ń bẹ nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, orúkọ Tógò ni àwọn ọlọ́jà Yúróòpù sì fi ń pè é. Ó funfun, ó ní tóótòòtó dúdú lára, orí igi ló ń gbé. Bó bá lẹ̀ mọ́ èèpo igi, ẹ lè tẹjú mọ́ ọn kí ẹ má rí i. Òun wà lára àwọn tó yára jù, tí eyín wọn sì ń dunni jù. Ará ilé ni lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ máa sin ín.

Kí ẹ̀rù má bàa ba yín ju bó ṣe yẹ lọ, a kò rí àkọsílẹ̀ tó dájú pé oró tàràńtúlà pa ènìyàn kan. Ti ajá yàtọ̀, torí ní Ọsirélíà, àwọn tàràńtúlà ibẹ̀ ti bu ajá jẹ tí ajá sì kú. Ilé tó ní ajá tó fẹ́ràn kí ó máa ti imú bọ gbogbo nǹkan, kí wọ́n gbé àpótí náà sókè.

Ìwà lẹwà, wọn kò pa á fún tàràńtúlà, àmọ́ mi ò mọ ibi tó ti wúlò tó báyìí. Bí ẹ bá bi mí, ti Honduras àti Nicaragua, Tliltocatl albopilosus, ni mo máa ní kí ẹ rà. Ara rẹ̀ rí ràkọ̀ràkọ̀, pupa rẹ̀ ṣókùnkùn, irun rẹ̀ gùn ó sì ká jọ bí ẹni tí kò ya irun rí. Àlejò tó bá wọlé lè má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ kiri, kì í tètè bínú, kì í sì í ya irun dànù lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ lè rí orúkọ àtijọ́ rẹ̀, Brachypelma, lára ike tí wọ́n fi ń tà á. Ọdún 2020 ni àwọn onímọ̀ yí i padà, ọ̀kan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ ẹwà díẹ̀, kó wo Brachypelma hamorii ti Mẹ́síkò, dúdú tí orúnkún rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, èyí tí sinimá máa ń lò. Wọ́n ti kó irú rẹ̀ nínú igbó débi pé láti 1985 ni òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti wà lórí ọjà rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Grammostola pulchripes ti Paraguay àti Ajẹntínà náà dára, ó sì tóbi. Ti Chile tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Òmíràn nínú wọn jẹ́jẹ́, òmíràn a máa gbé ọwọ́ ìjà sókè ní gbogbo ìgbà, ẹ ò sì ní mọ èyí tí ẹ rà títí ẹ ó fi gbé e délé.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà bóyá inú ilé ni wọ́n ti bí i tàbí inú igbó ni wọ́n ti mú un wá. Bó bá jẹ́ igbó, ẹ máa lọ. Ẹ béèrè orúkọ Látìn rẹ̀, torí orúkọ ìnagijẹ kan lè jẹ́ ti oríṣi mẹ́ta. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Akọ tó ti bàlágà, tí ìwọ̀ kékeré ti yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú, kì í sábà lò ju ọdún kan tàbí díẹ̀ lé lọ mọ́, ìdí rèé tí ọlọ́jà fi máa ń tà á ní ẹ̀dínwó fún ẹni tí kò mọ̀. Abo ńkọ́? Òun lè lo ogún ọdún sí ọgbọ̀n. Ọmọ ọdún méjìlá tó ń sunkún nítorí rẹ̀ lónìí lè ti bímọ kí aláǹtakùn náà tó kú, àwọn òbí ni yóò sì máa bá a tọ́jú rẹ̀ nígbà tó bá lọ yunifásítì. Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí. Ẹ má ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, gbígbẹ omi díẹ̀ ló máa pa á. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́jọ ló ti kúrò nínú ewu.

Ilé rẹ̀ kò le. Erùpẹ̀ tàbí èèpo àgbọn tí wọ́n ti lọ̀, kó jìn dáadáa. Ibi tó máa sá sí, àwo omi pẹlẹbẹ, ihò afẹ́fẹ́, ìdérí tó ṣeé tì. Kò nílò iná tó ń gbóná, ilé tí ara bá ti tu ẹ̀yin tó fún òun náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa tẹnu mọ́ ni gíga. Ikùn rẹ̀ rọ̀, bó bá já bọ́ láti òkè, ó lè bẹ́. Ikú ń pa alágẹmọ tó ń yọ́ rìn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọ̀pọ̀lọ́ tó ń janra rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12, kí àyè láti orí erùpẹ̀ dé ìdérí má ju 18 lọ. Ẹ kún erùpẹ̀ sí i dípò kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwa ọmọ ènìyàn nìyẹn. Tàràńtúlà tó ti dàgbà lè kọ oúnjẹ fún oṣù méjì, mẹ́ta, kó má sì ṣẹlẹ̀ nǹkan kan. Nígbà tó bá ń jẹun, ìrẹ̀ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ tó o. Aáyán tí wọ́n ń sìn fún títà náà dára, kì í ṣe ti kíṣíìnì yín, ẹ ò mọ oògùn tó ti rìn kọjá. Bó bá kọ oúnjẹ tí ikùn rẹ̀ wá tóbi, tó ń dán, tó sì ń dú sí i, ó fẹ́ bọ́ awọ ni. Ẹ yọ gbogbo ìrẹ̀ kúrò níbẹ̀, torí ara rẹ̀ máa rọ̀ débi pé ìrẹ̀ tí ẹ ní kó jẹ lè wá jẹ òun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ó bá a tó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lókè, kò mira. Ẹkún ọmọ yóò ti gba ilé kan. Kò kú o! Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀: ẹ fa àga sún mọ́ ọn, ẹ wò ó. Awọ líle tó bo orí rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣí. Ẹsẹ̀ á wá máa jáde nínú awọ àtijọ́, á fà díẹ̀, á sinmi, á tún fà, fún wákàtí mélòó kan. Èyí tó jáde tutù, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣì mọ́. Eyín rẹ̀ funfun nini. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ eyín náà á pọ́n, kó tó wá dú. Títí yóò fi dú, ẹ má fún un lóúnjẹ. Ẹsẹ̀ tó ti gé dànù tẹ́lẹ̀ lè hù padà lọ́jọ́ náà, kó kàn kéré sí ìyókù. Ẹ ṣa awọ rẹ̀ pamọ́, inú ikùn awọ yẹn ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ti lè sọ fún yín bóyá akọ ni tàbí abo.

Èyí tó ń kú kì í fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìdúró rẹ̀ ló máa wà, ẹsẹ̀ á sì ká wọ abẹ́ inú. Omi ara ni aláǹtakùn ń tì sínú ẹsẹ̀ láti fi nà á, bí omi bá wá tán lára, ẹsẹ̀ á ká. Bí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ rọra gbé e sétí àwo omi kíá kí ẹnu rẹ̀ kàn án, ó lè yè.

Kò yẹ kí ẹ máa gbé e lọ́wọ́. Ajá mọ olówó rẹ̀, èyí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀mú gígùn ni kí ẹ fi máa ṣiṣẹ́ nínú àpótí rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kó tó kan ojú, kí ẹ sì má kọ ẹ̀yìn sí i bí ẹ bá ń fọ gíláàsì. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.

Tí ẹ bá ń lọ sílé ní Oṣù Kejìlá, èyí rọrùn ju ajá lọ. Ẹ fún un lóúnjẹ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ yọ ìyókù kúrò, ẹ kún àwo omi rẹ̀, ẹ ti ìdérí. Bí ẹ bá máa pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí aládùúgbò kan máa bá yín bu omi sí i. Ẹ má sì dá a láṣà láti gbé e wọ bàálù wá fi han àwọn ìyá àgbà ní Ìbàdàn. Ti Mẹ́síkò yẹn, ìwé àṣẹ ló nílò kó tó lè kọjá ààlà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ò sì ní fetí sí àlàyé.