Ìmúrasílẹ̀ Ilé-iṣẹ́ Omi De Ọjọ́ Ìjàm̀bá

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin wa, omi tí à ń mu ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí ní sáà yìí.

Ìlú kékeré kan wà ní Kánádà tí à ń pè ní Walkerton. Àwọn ará ibẹ̀ tó nǹkan bí 5,000. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá rọ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Omi òjò gbé àìmọ́ ìgbẹ́ màlúù láti oko ìtòsí wọ inú kànga kan tí ilé-iṣẹ́ omi ń lò, nítorí kànga náà kò jìn. (Ìwádìí fi hàn pé àgbẹ̀ náà kò ṣe àìtọ́ kankan.) Ènìyàn 7 kú, àwọn tí ó lé ní 2,000 ṣàìsàn.

Ṣé òjò nìkan ni a ó dá lẹ́bi? Rárá o. Oògùn chlorine ni ó ń pa kòkòrò inú omi, ó sì yẹ kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ bóyá ó tó. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í sábà wọ̀n ọ́n; iye tí ó wù wọ́n ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Ẹ̀rọ tí ń fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n wà, tí ìbá ti dá omi náà dúró, ṣùgbọ́n wọn kò fi í síbẹ̀. Ní ọjọ́ 17, èsì àyẹ̀wò dé pé kòkòrò wà nínú omi. Wọ́n pa á mọ́ra. Àwọn elétò ìlera béèrè, wọ́n ní omi dára. Ó di ọjọ́ 21 kí a tó kéde pé kí wọ́n máa se omi, ọ̀pọ̀ kò sì gbọ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ya ìgbẹ́ gbuuru rí mọ bí ọjọ́ mẹ́rin ti gùn tó.

Àwa náà mọ omíyalé. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, adágún Ẹlẹ́yẹlé tí ilé-iṣẹ́ omi ń lò kún àkúnya. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ wa lọ béèrè kí òjò tó dé: oògùn omi tí ó wà nílẹ̀ yóò tó ọjọ́ mélòó? Bí iná bá lọ, dísù ha wà fún jẹnẹrétọ̀? Ta ni yóò sọ fún àwọn ará ọjà bí omi bá bàjẹ́? Kí a béèrè bákan náà lọ́wọ́ ẹni tí ń bójú tó bọhóò ọgbà ìjọ wa.

Nínú ilé, ẹ tọ́jú kẹ́ẹ̀gì omi tí ó ní ìdérí. Bí ìkéde bá jáde, kí omi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan kí a tó mu ún, títí kan èyí tí a fi ń fọ eyín.