Aberystwyth, Ìlú Yunifásítì Létí Òkun

Ìwọ̀-oòrùn Wales ni Aberystwyth wà, níbi tí ojú irin parí sí. Ẹni tó bá wọ rélùwéè láti Birmingham yóò lo bíi wákàtí mẹ́ta lórí ìjókòó. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, tó rìn díẹ̀, ó dé etí òkun nìyẹn.

Ilé òkúta ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Old College. Ẹ má ṣe kánjú kọjá lára rẹ̀. Thomas Savin, ọ̀gá àwọn tó ń la ojú irin, ló ń kọ́ ọ láti fi ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, iṣẹ́ dúró. Àwọn tó ń wá yunifásítì fún Wales rà á ní 10,000 pọ́n-ùn, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ní 1872 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 26. Ìjọba kò tètè dá sí i. Àwọn aráàlú ló ń dáwó: àgbẹ̀, awakùsà, àti àwọn mẹ̀kúnnù tó ń sọ owó wẹ́wẹ́ sínú igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lójú tèmi, ìtàn yìí dùn ju òkun lọ.

Lónìí, orí òkè Penglais ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba ẹ̀kọ́ jù. Ilé ìkówèésí orílẹ̀-èdè Wales wà nítòsí ibẹ̀, òfin sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà kan nínú ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde ní Britain. Èdè Wales àti Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára pátákó ojú ọ̀nà, ẹ ó sì máa gbọ́ méjèèjì ní ìgboro.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìgbèríko, ẹ wọ rélùwéè kékeré Rheidol, tó ń rìn láti 1902. Nígbà kan, ó máa ń kó òjé tí wọ́n wà nínú òkè. Ní báyìí, àlejò ló ń gbé. Ó ń pọ́n òkè díẹ̀díẹ̀ láàárín igbó títí dé Devil's Bridge. Afárá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, lórí àfonífojì kan náà. Rélùwéè náà kì í sábà rìn nígbà òtútù, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Ní Borth, tó wà ní àríwá Aberystwyth, ẹ ó rí kùkùté igi tó ti lé ní 4,000 ọdún lórí iyanrìn. Igbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí òkun tó bò ó. Ìgbà tí omi bá fà sẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń hàn. Ẹ múra fún òjò. Agboòrùn kò wúlò, atẹ́gùn á yí i padà.