GÁÀSÌ ÌDÁNÁ: KÍ NI KÍ Ọ̀DỌ́ MÙSÙLÙMÍ ṢE NÍGBÀ TÍ EWU BÁ DÉ?

  

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kò jìnnà sí ilé ìdáná wa. Nínú ilé, ní ibùdó I.V.C. àti níbi wòlímọ̀, gáàsì ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń dáná báyìí. Bí ewu bá sì ṣẹlẹ̀, àwa ọ̀dọ́ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ sáré débẹ̀. Eré tí kò sí ìmọ̀ nínú rẹ̀ a máa sọ ẹni tí ó fẹ́ gbani là di òkú. Kókó ẹ̀kọ́ yìí ni pé gáàsì tí ó ń jò tí kò tíì gbiná lè léwu ju èyí tí a ń fojú rí iná rẹ̀ lọ. Ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ ni láti lé iná àti ènìyàn jìnnà sí i.

IRÚ NǸKAN WO NI GÁÀSÌ YÌÍ?

Propane àti butane ni orúkọ gáàsì méjèèjì tí ó wà nínú sílíńdà wa. A fi agbára tẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi di omi. Bí omi yìí bá jáde, lítà 1 nínú rẹ̀ a di nǹkan bí lítà 250 gáàsì. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í lọ sókè; ilẹ̀ ni ó ń wọ́ bí omi, a wọ inú gọ́tà, kànga àti ibi tí ó bá rẹlẹ̀. Kò ní òórùn tirẹ̀. Òórùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́ tí a ń gbọ́, àwọn tí ó ń ṣe é ni ó fi sí i kí a lè mọ̀ pé ó ń jò. Bí ó bá ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ inú yàrá, ìṣáná kan péré ti tó.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ FEYZIN

Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1966, ní ilé iṣẹ́ ìfọpo kan ní Feyzin, nítòsí ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, àwọn òṣìṣẹ́ ń fa omi kúrò nísàlẹ̀ àgbá ńlá kan tí propane wà nínú rẹ̀. Ẹnu ibi tí wọ́n ṣí dì gbọin nítorí òtútù gáàsì náà, wọn kò sì rí i tì mọ́. Gáàsì wọ́ nílẹ̀ títí dé ojú títì. Ọkọ̀ kan ni ó fi gbiná níbẹ̀, iná náà sì sáré padà sí ìdí àgbá. Àwọn panápaná wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí àgbá náà bẹ́. Ènìyàn 18 ni ó kú, àwọn panápaná sì wà nínú wọn.

Nítòsí wa níhìn-ín, ní Atomic Junction ní ìlú Accra, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2017, gáàsì jò nígbà tí táńkà kan ń já ẹrù. Ènìyàn 7 kú, àwọn tí ó farapa lé ní 100. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú ọ̀ràn Feyzin, ẹni tí kò sí nídìí gáàsì rárá ni ó mú iná bá a.

ÀWỌN OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢE

1. Bí a bá gbọ́ òórùn gáàsì nínú ilé: kí a má ṣá ìṣáná, kí a má tan iná mọ̀nàmọ́ná, kí a má sì pa èyí tí ó ti ń jó, nítorí sùwíìsì a máa ta pàrà. Kí a ti ẹnu sílíńdà bí a bá lè dé ibẹ̀ láìséwu, kí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí a kó gbogbo ènìyàn jáde. Kí a sọ fún aládùúgbò kí ó pa jẹnẹrétọ̀ tí ó bá jìnnà sí òórùn náà. Ìgbà tí a bá jìnnà tán ni a ó tó tẹ fóònù. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112. Ní Èkó, 767 náà wà.

2. Bí ó bá ti gbiná: bí a bá lè ti ẹnu sílíńdà láìfi ara jóná, kí a tì í, iná yóò kú fúnra rẹ̀. Bí a kò bá lè tì í, kí a má ṣe pa iná náà. Bí iná bá kú tí gáàsì ṣì ń jáde, yóò kún inú ilé, yóò sì tún gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí a jáde, kí a pe panápaná.

3. Bí iná bá ń lá ara sílíńdà tàbí táńkà: gáàsì inú rẹ̀ ń hó, irin ń rọ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí súfèé kíkankíkan, ó ti fẹ́ bẹ́ nìyẹn. Kí a sá.

4. Bí táńkà bá ṣubú lójú títì: nọ́ńbà 1075 lára rẹ̀ túmọ̀ sí gáàsì ìdáná. Kí a lọ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, kí a sì gun ibi gíga. Bí ó bá ń jò, kí gbogbo ènìyàn jìnnà ní mítà 100 ó kéré tán. Bí ó bá pọ̀, kí a kó àwọn tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ bá kúrò títí dé mítà 800. Bí táńkà bá wà nínú iná, mítà 1,600 ni. Kí a dá ọkọ̀ àti ọ̀kadà padà. Kò sí ìdí láti dúró ya fọ́tò.

5. Bí ẹnìkan bá jóná: omi tútù tí ń ṣàn ni kí a dà sí i fún ìṣẹ́jú 20. Kí a má fi epo, ẹyin tàbí yìnyín sí i. Bí omi gáàsì bá ta sí ara, òtútù rẹ̀ a máa bó awọ: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí a dà sí i, kí a má fi ọwọ́ ra á, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

KÁDÀRÁ Ń KỌ́?

Àwọn kan a máa wí pé bí ọjọ́ kò bá tíì pé, iná kò lè pani. Òtítọ́ ni pé kádàrá wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo Ùmárù ọmọ Khattab. Nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Shaam, ó gbọ́ ní Sargh pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ibẹ̀. Ó gba ìmọ̀ràn, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà. Nígbà tí Abu Ubayda bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún, ó jẹ́ kí ó yé e pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan ni òun ti ń bọ́ sí òmíràn. Bákan náà, nígbà tí ilé kan jó mọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ lóru ní Mẹ̀dínà, Ànábì wa pàṣẹ kí a máa pa iná kí a tó sùn. Ẹni tí ó bá ń ti ẹnu sílíńdà rẹ̀ ní alaalẹ́ ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ yìí.

Nítorí náà, ní gbogbo ibùdó wa, kí sílíńdà máa wà ní òró, níta, jìnnà sí iná àti gọ́tà. Kí a máa fi omi ọṣẹ pa rọ́bà rẹ̀ wò. Ibi tí ó bá ń hó ni ó ń jò. Kí a sì yan arákùnrin kan àti arábìnrin kan tí yóò máa bójú tó o.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ pa iná gáàsì tí a kò lè ti ẹnu rẹ̀?
2. Níbo ni gáàsì yóò gbà lọ bí ó bá jò ní ibi ìdáná ẹ̀ka yín?
3. Ta ni yóò pe panápaná, ta ni yóò sì kó àwọn ọmọdé jáde?

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa nínú ewu ayé, kí Ó sì gbà wá lọ́wọ́ iná ọ̀run. Àmín.