Bí Ẹ̀rọ Ìkẹ́rùsí Ti Ń Bá Àwọn Ẹ̀rọ Mìíràn Ṣiṣẹ́ Pọ̀

Pópó Yemọja jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ ní ìlú Ìbàdàn, kò sì jìnnà sí Ọjà'ba àti òkè Mápó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń kó ọjà pamọ́, kí ó máa wo ìrìn àpò gààrí kan ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ gbé e dé. Alábàárù rù ú. Ọmọlanke gbé e gba ọ̀nà tóóró. Ó dé sítọ́ọ̀, a sì tò ó lé orí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá dé, ìrìn náà tún bẹ̀rẹ̀ padà. Iṣẹ́ yìí ń lọ déédé nítorí pé ẹnì kan ń fi ẹnu pe ẹnì kejì: “Dúró ná! Ó tó! Mú òmíràn wá!” Bí ẹ̀rọ bá wá gba iṣẹ́ ọwọ́ náà ṣe, kí ni yóò gba iṣẹ́ ẹnu ṣe?

Ní ọdún 1962, ilé iṣẹ́ Demag kọ́ ilé ìkẹ́rùsí gíga kan fún Bertelsmann, ilé iṣẹ́ ìwé ní ìlú Gütersloh, ilẹ̀ Jámánì. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kan ń rìn lórí irin láàárín àwọn pẹpẹ gíga, ó ń gbé ẹrù sí ààyè rẹ̀, ó sì ń mú un jáde. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń rántí ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan wà. Ní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Amazon ní Amẹ́ríkà san 775 mílíọ̀nù dọ́là láti ra Kiva Systems, tí ń ṣe àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ń wọ abẹ́ pẹpẹ, tí wọ́n sì ń gbé e tọ òṣìṣẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìkẹ́rùsí kò lè dá iṣẹ́ ṣe. Bẹ́líìtì tí ń yí ni ó ń gbé ẹrù wá fún un. Fọ́ọ̀kílíìfù ni ó ń gbà á lọ sínú ọkọ̀. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ jọ ṣe déédé.

Èkínní ni ìwọ̀n ẹrù. Ní oṣù kẹrin ọdún 1956, Malcom McLean kó àpótí irin ńlá 58 sínú ọkọ̀ ojú omi Ideal X, láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà. Àpótí tí ọkọ̀ ilẹ̀ gbé wá ni ọkọ̀ ojú omi gbé lọ, a kò tú u. Nínú ilé ìkẹ́rùsí, pákó ìgbẹ́rù tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí àpò kan bá yọ sí ẹ̀gbẹ́ pákó náà, ó lè há, gbogbo iṣẹ́ yóò sì dúró.

Èkejì ni ìyára. Ká ní ẹ̀rọ ìkẹ́rùsí lè mú ẹrù 60 jáde ní wákàtí kan, tí bẹ́líìtì lè gbé 40, tí fọ́ọ̀kílíìfù kò sì lè gbé ju 30 lọ. Ọgbọ̀n péré ni yóò wọ inú ọkọ̀. Owó tí a fi ra ìyára tí ó ṣẹ́kù ti ṣòfò.

Ẹ̀kẹta ni ìránṣẹ́, èyí tí ó dúró fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀rọ kan kò gbọdọ̀ ju ẹrù sílẹ̀ títí èkejì yóò fi fi hàn pé ààyè ṣófo. Nọ́ńbà tí a lẹ̀ mọ́ ẹrù ní ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo ẹ̀rọ lè kà. Bí iná mànàmáná bá sì lọ, àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà tí ènìyàn lè fi wá ẹrù rí.

Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú ìsopọ̀ yìí. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé ìlú náà ní ọdún 1901 ni ẹrù ti ń ti orí ènìyàn bọ́ sí orí irin. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni a ṣí ojú irin tuntun láti Èkó wá, ibùdókọ̀ rẹ̀ sì wà ní Mọ́níyà. Ọkọ̀ àpótí ńlá kò lè wọ àwọn òpópó tóóró àtijọ́. Nítorí náà, ẹ̀bá ìlú ni ó yẹ ilé ìkẹ́rùsí ńlá. Ọkọ̀ kékeré àti ọmọlanke ni yóò sì máa gbé ọjà wọ inú ìlú.

Oúnjẹ àwọn alábàárù wà nínú ọ̀ràn yìí pẹ̀lú. Oníṣòwò tí ó sáré ra ẹ̀rọ kan láìwo àwọn ìyókù lè lé àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ lọ, kí ẹ̀rọ náà sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ó sàn kí ẹgbẹ́ oníṣòwò kọ́kọ́ ra pákó ìgbẹ́rù oníwọ̀n kan náà, kí wọ́n fi nọ́ńbà sí ẹrù, kí wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ó péye, kí wọ́n sì kọ́ àwọn alábàárù ní lílo ẹ̀rọ kéékèèké. Nígbà tí ẹ̀rọ ńlá bá dé, yóò bá ọ̀nà tí a ti là sílẹ̀, àti àwọn tí yóò darí rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ẹ̀rọ.