Ìpín Tí Ìlú Kò Fẹ́ Gbà

Ní ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún 1970, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Mount Laurel, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, péjọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Èsì olórí ìlú ni wọ́n ń retí. Àwọn kan nínú wọn ń gbé inú ilé tí wọ́n kọ́ fún adìyẹ tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju kí ìlú jẹ́ kí wọ́n kọ́ fúláàtì 36 tí apá mẹ̀kúnnù á ká. Olórí ìlú dé, ó ní ẹni tí apá rẹ̀ ò bá ká ìlú yìí, kó yáa wábi gbà lọ.

Ethel Lawrence, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti ayé àwọn baba ńlá rẹ̀ ni ìdílé rẹ̀ ti ń gbé ìlú náà. Ta wá ni àlejò? Ní 1971, òun àti ẹgbẹ́ NAACP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, pe ìlú lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo òfin ìlú náà dáadáa. Kò síbi tó ti dárúkọ tálákà. Ó kàn ní ilé kan ṣoṣo ni kó wà lórí ilẹ̀ kan, kí ilẹ̀ náà sì fẹ̀. Ẹni tí kò lè ra ilẹ̀ fífẹ̀ ti mọ ọ̀nà ìta nìyẹn. Níbi tí òfin ti gba fúláàtì láyè, ó fẹ́ kí iye yàrá inú rẹ̀ kéré, kí ọmọ má baà pọ̀ níbẹ̀. Kí ni wọ́n ń bá ọmọ ọlọ́mọ jà sí? Owó-orí ilé ni ìlú fi ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́. Ilé ńlá ń mú owó ńlá wọlé. Fúláàtì ọlọ́mọ mẹ́ta ń béèrè àga mẹ́ta ní kíláàsì, owó tó ń san kò sì tó o. Ìkórìíra wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìṣirò owó ló fún un lẹ́sẹ̀ tó fi ń rìn.

Ní 1975, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dájọ́ pé ìlú tó bá ń gbèrú gbọ́dọ̀ fàyè sílẹ̀ fún ìpín tirẹ̀ nínú ilé mẹ̀kúnnù agbègbè rẹ̀. Mount Laurel ya ilẹ̀ kéréje mẹ́ta sọ́tọ̀, ilé kankan ò hù níbẹ̀. Ní 1983, ilé ẹjọ́ fa okùn le: bí kọ́lékọ́lé kan bá múra tán láti ya apá kan ilé rẹ̀ sọ́tọ̀ fún mẹ̀kúnnù, tí ìlú sì dí i lọ́nà, adájọ́ lè là á fún un. Ìyẹn ló ba àwọn ìlú lẹ́rù. Òfin tí ìpínlẹ̀ ṣe ní 1985 wá fún wọn ní ihò kan: ìlú lè sanwó fún ìlú mìíràn kó bá a gbé ìdajì ìpín rẹ̀, bí ẹni ń sanwó fún ará ilé kejì kó bá òun gba àlejò sílé. Ọdún 2008 ni wọ́n tó dí ihò náà.

Ní Mount Laurel, àwọn tó ta ko ilé mẹ̀kúnnù ní olè á pọ̀, iye owó ilé àwọn á wálẹ̀, owó-orí á ga. Ethel Lawrence kú ní 1994. Ilé 140 tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ sí í gba èèyàn ní 2000. Nígbà tó yá, Douglas Massey, onímọ̀ nípa àwùjọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wádìí, wọ́n fi ìlú náà wé àwọn ìlú tó yí i ká, wọn ò sì rí ọ̀kankan nínú ohun mẹ́ta yẹn tí ilé náà fà. Wọ́n bi àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ léèrè pẹ̀lú. Àwọn kan ò tiẹ̀ mọ̀ pé ilé mẹ̀kúnnù wà ládùúgbò wọn.